Obìnrin Tó Ń Béèrè Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2022, káfíńtà kan gbé ayùn wọ ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé, ó sì gé tábìlì ìgbàlejò ibẹ̀ sí mẹ́ta. Mo rí lẹ́tà tí wọ́n fi pè é, mo sì bi káfíńtà náà fúnra rẹ̀. Ó ní igi tábìlì náà le, pé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni òun ti ń fà á títí di ọ̀sán. Ó ní ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn, kò sì dìde títí ayùn fi dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀.

Ìyá yẹn ni akọ̀wé ìgbàwọlé. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù nílé, ẹni tó gbé ọmọ sá jáde, ẹni tí kò mọ ibi tó máa sùn, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá. Òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló sì ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé bóyá kí ọ́fíìsì gbà wọ́n gbọ́ tàbí kí wọ́n má gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń bi wọ́n ní ohun gidi kan. Ohun tó bá kọ ni ọ̀gá ń kà, ohun tí ọ̀gá bá kà ni ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ibi tí ọmọ máa gbé ń kà.

Níwájú rẹ̀, Màmá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Tó bá ti yísẹ̀ padà, Ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta ni. Ó mọ̀. Ó ní orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ wà.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Àkọ́kọ́, bí ẹni náà bá ṣe ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn wákàtí méjì lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀ẹ̀kẹta di ọjọ́ kejì, á sì ní kí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, kó máa rìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fa ìlà sí ìwé gbọọrọ kan, á pín in sí mẹ́ta, á kọ ìtàn kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀, á wá fi bírò pupa kọ ìdájọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀: "Ó dọ́gba," tàbí "Kò dọ́gba."

Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìntì ló bá lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun ló kọ́ ọ. Ọ̀nà náà sì ti ṣiṣẹ́ rí. Ní ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀, ọkùnrin kan wá, ó ní àwọn ọmọ òun méjì ni òun wá gbà lọ́wọ́ ìyá tó jí wọn gbé. Ó sunkún dáadáa. Nígbà tí akọ̀wé ní kó sọ ọ́ padà sẹ́yìn, àbúrò ti di ẹ̀gbọ́n, ìlú tí wọ́n bí wọn sí ti yí padà. Wọ́n wádìí, kò bí ọ̀kankan nínú wọn. Akọ̀wé sọ ìtàn yìí fún mi nígbà méjì, ó dọ́gba.

Ó ṣòro láti mọ iye ẹni tí bírò pupa yẹn ti dá padà sílé. Mo béèrè lọ́fíìsì, wọ́n ní kò sẹ́ni tó kà á, àti pé fáìlì kì í ṣe ohun tí oníròyìn ń ṣí. Mo bi akọ̀wé fúnra rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní "kò dọ́gba" ló pọ̀ jù.

Nílé náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kẹ́yìn ti lọ́kọ báyìí, ó ń gbé ní ìlú míì, kì í sì í sábà pe ìyá rẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní tí ẹ bá ti ilé ìwé dé pẹ́, ẹ máa sọ ibi tí ẹ lọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ẹ ó tún sọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ lọ sùn. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Mo tètè mọ̀ ọ́n," ó ní. "Irọ́ mi máa ń dọ́gba, torí pé mo ti há a sórí. Òótọ́ mi ni kì í dọ́gba."

Oṣù Kẹrin ni olùkọ́ tí wọ́n pè wá dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti gé tábìlì. Bí ọ́fíìsì yẹn ṣe ń ṣe nǹkan nìyẹn: wọ́n kọ́kọ́ gé e ná, wọ́n wá ń béèrè ìdí tí wọ́n fi gé e. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti ka ìwé kan níbi ìpàdé kan, ó sì ti ṣèlérí fún àwọn tó ga jù ú lọ pé ọ́fíìsì tòun ló máa kọ́kọ́ gba ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní ìlànà ọgbẹ́ ọkàn. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ní tábìlì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó ku àwọn òṣìṣẹ́.

Olùkọ́ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó kó àga yí ká, ó sì ní kí olúkúlùkù jókòó síbi tó bá wù ú. Ohun tó wá kọ́ wọn kò le láti lóye. Ó ní ẹni tó bá wọlé lè ti gba ọgbẹ́ sọ́kàn kó tó dé, pé bí a bá ṣe ṣe sí i lè mú kí ọgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, ó sì lè tún un ṣí. Kí tábìlì má dúró láàárín wọn. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹni náà yan àga tirẹ̀. Kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un kí wọ́n tó ṣe é. Kí wọ́n má bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe báyìí, kí wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má mú kó sọ ohun tó dùn ún lásọtúnsọ. Ọ̀gá fẹ́ràn èyí jù. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára pátákó, wọ́n sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà: Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni olùkọ́ sọ ohun tí akọ̀wé kò retí. Ó ní ẹ̀rù máa ń tú ìrántí ká. Ẹni tí wọ́n lù lè rántí òórùn ilé ìdáná kó má rántí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó lè sọ pé yàrá ni lónìí, kó sọ pé ọ̀ọ̀dẹ̀ ni lọ́la, síbẹ̀ kó má parọ́. Akọ̀wé nawọ́ sókè. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ìgbà kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì nìyẹn.

"Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba lè máa sọ òótọ́?"

"Ó wọ́pọ̀ gan-an, mà," olùkọ́ dá a lóhùn. "Ẹni tó ti fara balẹ̀ tò ó ni tirẹ̀ sábà máa ń dọ́gba."

Ọkọ akọ̀wé, tó wa ọkọ̀ ilé ìwé kó tó fẹ̀yìntì, ní nígbà tí òun ti ẹ̀yìnkùlé wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ àti báàgì lápá. Ó bi í pé ṣé wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ ni. Ó ní rárá. Ó bi í pé ta ló kú.

Ẹnì kan ni akọ̀wé ń rò, ó sì rántí rẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹfà ọdún 2019, obìnrin aránṣọ kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta. Obìnrin náà ní ọkọ òun ń lu òun, pé ní alẹ́ tó kọjá ó ti òun mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi ilẹ̀kùn gba òun lápá. Nígbà àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni. Nígbà kejì, ó di ilẹ̀kùn yàrá. Nígbà tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, ó kàn dákẹ́ ni. Ó ń ká etí aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú, ó ń tú u, ó tún ń ká a, bíi pé ó fẹ́ rán an. Akọ̀wé dúró dè é títí, ó wá mú bírò pupa.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé ọmọ náà fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, nítorí pé obìnrin yẹn ní ilé, ìyá ọmọ kò sì ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ ní ọmọ náà máa lò níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ máa ń tún un yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ìyá ọmọ ti gba yàrá àti ṣọ́ọ̀bù, bàbá ọmọ ti ṣí kúrò nílùú, kò sì yọjú mọ́. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ń ṣí fáìlì, wọ́n ń rí ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi bírò pupa kọ, wọ́n ń sún un di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́ta nígbà yẹn ti pé ọdún mẹ́fà. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ni àtúnyẹ̀wò tó kàn, alága sì ti sọ pé bó bá ti di ọdún kẹrin, ìgbìmọ̀ kì í sábà yọ ọmọ kúrò níbi tó ti mọ́ lára.

Akọ̀wé gbà pé òun ló gbé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ó fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. N kò rí ẹni tó rọ̀ ọ́ láti ṣe é, n kò sì rí ohun tó máa rí gbà níbẹ̀. Ó ku ọdún kan àtààbọ̀ kó fẹ̀yìntì.

Nínú oṣù Keje ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà. Kò mọ ohun tó máa sọ, nítorí náà ó mú síkẹ́ẹ̀tì kan dání tí ìbàdí rẹ̀ ti há. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Maṣíìnì kan ló wà níbẹ̀, dígí kan tó ti là lápá kan, àti àga méjì. Aránṣọ gbójú sókè, ó dá a mọ̀, ó sì kí i dáadáa, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ẹ dúró kí n wọ̀n yín." Ó fi téèpù yí i ní ìbàdí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún fi yí i, ó tún kọ ọ́. Akọ̀wé sọ fún mi pé ìgbà tó na téèpù náà ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni òun tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Ẹ má bínú, mà," aránṣọ ní. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní téèyàn bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé gbà gbọ́."

Akọ̀wé jókòó. Ó sọ ohun tí olùkọ́ sọ fún un, ó ní òun ló ṣìṣe, pé òun máa lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá, òun á sì ní kí wọ́n jẹ́ kí aránṣọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀, bó ṣe fẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Aránṣọ ń tú òwú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe ń gbọ́. Ó ní òun ti ṣe tán láti sọ ọ́ láti ọdún 2019. Ó ní nísinsìnyí òun mọ ilẹ̀kùn wo ni. Méjèèjì ni. Alẹ́ méjì ni, òun kàn dà wọ́n pọ̀ ni. Akọ̀wé fẹ́ ṣèlérí, obìnrin náà ní kó má ṣe é, pé kó kàn lọ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kó wá mú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì.

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó dá mi lóhùn nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í dáhùn, kò sì sẹ́ pé akọ̀wé wá bá òun. Ó ní òun jẹ́ kó jókòó, òun ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, òun gbọ́ ọ títí tó fi tán, bí ìlànà ṣe wí. Lẹ́yìn náà ló rán an létí pé akọ̀wé náà ti fọwọ́ sí ìwé ìlànà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ohun tí ẹni kan bá ti sọ tó ti wà nínú fáìlì, a kì í tún un béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe òfin náà kí wọ́n lè dáàbò bo irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ní obìnrin náà fẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀gá ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Èmi náà wo fọ́ọ̀mù náà. Òótọ́ ni. Ẹni tó ṣe é ronú nípa ẹni tí wọ́n ń fipá mú sọ̀rọ̀, kò rántí ẹni tí wọ́n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe gba ìlànà tuntun wọlé, gbogbo ohun tí bírò pupa ti kọ láti ọdún mẹ́tàdínlógún dúró síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ kàn án.

Akọ̀wé bá kọ lẹ́tà. Ojú ìwé kan ni. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló kọ "Kò dọ́gba" sínú fáìlì obìnrin aránṣọ, pé ọ̀nà tí òun gbà béèrè ọ̀rọ̀ ni kò dára, àti pé òun mú ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ọ̀gá kà á, ó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n rò ó wò: bí lẹ́tà kan bá wọ fáìlì kan, gbogbo ẹni tí màmá yẹn ti dá padà máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé. Ta ló máa gbọ́ wọn? Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni òun ní. Ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó ní òun náà kì í sùn dáadáa. Mo gbà á gbọ́. Mi ò rò pé ó yí ohunkóhun padà fún ọmọ náà.

Láàárín àkókò yẹn, àlejò ń wá wo ọ́fíìsì náà láti oríṣiríṣi ibi. Wọ́n ń ya àwòrán àwọn àga aláràbarà tí wọ́n tò síbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ akọ̀wé di alábàákẹ́gbẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé kó máa jókòó ti àwọn tó bá ń dúró, kó má béèrè ohunkóhun. Másínjà ní àfi bíi pé wọ́n gbé adájọ́ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bẹ́ǹṣì náà le, òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí oníròyìn wọ ibi àtúnyẹ̀wò. Àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba lórí ẹni tó jókòó síbi wo, àmọ́ ó dọ́gba lórí ohun tí wọ́n sọ.

Gbogbo nǹkan lọ gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Wọ́n ní kí aránṣọ yan àga, ó yan èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Wọ́n fún un ní omi. Alága, obìnrin kan tó ń wo ìwé láti abẹ́ ìgò ojú, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa da ìbéèrè bò ó lónìí, pé ohun tó sọ ní ọdún 2019 wà lọ́dọ̀ àwọn, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Aránṣọ ní òun fẹ́ sọ nǹkan. Alága ní kò pọn dandan kó fìyà jẹ ara rẹ̀. Ó tún ní òun fẹ́ sọ nǹkan. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ṣí fáìlì.

Akọ̀wé ló dìde. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí pé kò sí tábìlì tó lè fọwọ́ lé, ó ní òun ló kọ ọ̀rọ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn, òun sì fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Alága bi í pé ṣé ohun tó gbọ́ ló kọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan kó lè kọ ọ́? Rárá. Ṣé ẹnikẹ́ni ló fún un ní nǹkan kó wá sọ èyí? Rárá. Alága ní ó dára, àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bí ọ́fíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ìyẹn, ó sì ní ìpàdé tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gan-an ni. Ohùn rẹ̀ ti ga. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé kó má pariwo, nítorí ẹni tó ní ọgbẹ́ lọ́kàn wà níjòókòó.

Ó jókòó.

Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú ní ọdún kan. Ọmọ náà á ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á máa lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé kìíní oṣù. Alága ka ìpinnu náà díẹ̀díẹ̀, ó sì bi aránṣọ bóyá ó yé e. Àwọn ìgbìmọ̀ ti ń kó ìwé wọn jọ. Aránṣọ gbé ife omi náà sílẹ̀, kò mu ún, ó wo alága, ó wo ọ̀gá, ó wo akọ̀wé tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí mo fẹ́ dákẹ́, ẹ ní kí n sọ ọ́. Nísinsìnyí tí mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ ní kí n sinmi. Ta wá ni kí n lọ sọ ọ́ fún?"